Ohùn ọmọ tí wọn kò tètè gbọ́: Ohun tó yẹ kí a bi ẹbí tó gbé ọmọ wọn jáde lórí tẹlifíṣọ̀n

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹni tó máa rí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé tí kò ní ṣàdúrà fún un pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ. Àdúrà náà ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu débi pé ọ̀pọ̀ kì í dúró ro ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó kọ́kọ́ gbà á mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Wọn kò ní kí a kàn rí ọmọ, wọ́n ní kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọmọ tó bá dé ilé ayé tó sì figbe ta ti mí sínú, atẹ́gùn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń gbé èémí lọ sí ọpọlọ. Èyí tó bá dákẹ́, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú.

Púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í kú. Ìyá á gbé e délé, wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á jó, wọ́n á yọ̀. Nígbà tó bá pé oṣù márùn-ún, ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró. Nígbà tó bá pé ọdún kan, kò lè jókòó. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lágbo ilé. Ẹnì kan á ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà, ẹlòmíràn á ní ayé ló wà nídìí rẹ̀, ẹni kẹta á ní ìyá ọmọ ló rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún. Wọ́n á gbé ọmọ lọ sí orí òkè àdúrà, wọ́n á gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo iṣẹ́ ayé, owó á tán, bàbá ọmọ mìíràn á sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Níkẹyìn, yàrá ẹ̀yìn ni ọmọ náà á máa gbé, àlejò tó bá wọlé kò sì ní mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ohun ńlá bí ẹbí kan bá dìde tí wọ́n ní àwọn kò fi ọmọ àwọn pamọ́ mọ́, tí wọ́n sì jókòó síwájú ẹ̀rọ ayàwòrán kí gbogbo ayé lè rí wọn. Ọ̀kan nínú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Nàìjíríà ni ti Air Vice Marshal Femi Gbadebo, ọ̀gá ológun òfúrufú tó ti fẹ̀yìn tì, àti Alaba, aya rẹ̀. Ọmọkùnrin wọn ní àìlera tí àwọn dókítà ń pè ní cerebral palsy. Ní 2013, tọkọtaya náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Benola, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ àìlera yìí jáde sí orí tẹlifíṣọ̀n, sí rédíò àti sínú ìwé ìròyìn, kí àwọn òbí tó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ lè mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́ ló ń bẹ níbẹ̀.

Àìlera náà kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Ọpọlọ ọmọ ló fara pa, yálà nígbà tó wà nínú oyún, tàbí lọ́jọ́ tí wọ́n ń bí i, tàbí láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n bí i tán. Egbò inú ọpọlọ náà kì í fẹ̀ sí i, kì í sì í san. Apá ibi tó bá wà ló ń sọ bí ara ọmọ ṣe máa rí: òmíràn á le gbagidi, òmíràn á máa lọ́ láìdúró, òmíràn kò ní lè sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbọ́, ó sì ń lóye gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ará ilé kì í rò.

Pé ọ̀gá ológun ló jáde sọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọmọ tálákà, tàbí ọmọ ẹni tí kò mọ̀wé, tàbí ọmọ tí wọ́n bí sóko ni irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n bá rí ẹni tó ti pàṣẹ fún ọmọ ogun tí òun náà ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ rẹ̀, àwáwí náà á wó lulẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn elétò tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń fò. Láti 31 October 1959 tí tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni àwọn Yorùbá ti mọ agbára àpótí amóhùnmáwòrán. Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1 October 1996, ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ ní Adó. Bí wọ́n bá gbé ìyá tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, bí ètò náà ṣe máa ń lọ kò ṣòroó sọ: wọ́n á fi ọmọ hàn, ìyá á sunkún, atọ́kùn ètò á kí i kú àmójúkúrò, nọ́ńbà àkáǹtì á jáde lójú ẹ̀rọ, ó parí. Ẹni tó ń wò ó ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré á mí kanlẹ̀, ó lè fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò mọ ohunkóhun nídìí ètò náà tó lè gba ọmọ tí aya àbúrò rẹ̀ máa bí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ là.

Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ìyá náà kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Aago mélòó ni ìrọbí bẹ̀rẹ̀, aago mélòó ni ọmọ jáde? Ta ló gbẹ̀bí? Ṣé ọmọ ké lójú ẹsẹ̀, bí kò bá ké, kí ni wọ́n ṣe fún un? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì fi wò ó nílé kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù? Nínú ìdáhùn sí ìwọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ wà, nítorí púpọ̀ nínú ìfarapa ìgbà ìbí ní ilẹ̀ wa ló ní wákàtí tirẹ̀, tí a lè tọ́ka sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àìrí èémí ṣáájú. Nígbà tí ọmọ wà nínú ilé ọmọ, kì í fi imú mí. Ibi ọmọ ló ń gba èémí láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ìwọ́ ló sì ń gbé e wá fún un. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù, tàbí tí ìwọ́ bá ṣáájú ọmọ jáde tí orí ọmọ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun, tàbí tí ibi ọmọ bá já kúrò ní àyè rẹ̀ kí àkókò tó tó, ọmọ á máa pàdánù èémí díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ ni kò lè fara da ìyẹn rárá. Bó bá wá jáde tí kò ké, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù.

Nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọ́n bá bí, bí ẹyọ kan ló máa ń nílò ìrànlọ́wọ́ kó tó lè mí dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì nílò ju kí a fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n kíákíá, kí a sì fọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn. Àwọn tí èyí kò bá tó fún, àpò rọ́bà kékeré kan tó ní ìbòmú ni agbẹ̀bí á fi máa fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nímú àti lẹ́nu. Kò nílò iná mànàmáná. Kò nílò dókítà. Nọ́ọ̀sì tó bá ti kọ́ ọ dáadáa lè lò ó nínú ilé ìgbẹ̀bí tó kéré jù lọ. Láti 2010 ni àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà àti àwọn àjọ mìíràn ti gbé ẹ̀kọ́ kan jáde fún àwọn agbẹ̀bí ní irú ilẹ̀ wa, lórí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan péré náà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi dípò èyí ni pé wọ́n á gbé ọmọ sókè ní ẹsẹ̀, wọ́n á gbá a nídìí, wọ́n á da omi tútù sí i lára, ẹlòmíràn á rún ata sí i nímú. Omi tútù ń mú kí ara ọmọ tutù sí i, gbígbá a kò sì fún un ní èémí kankan. Ìṣẹ́jú ti ń lọ.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí ọmọ ṣe dé ayé. Virginia Apgar, dókítà obìnrin ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1952. Wọ́n á wo àwọ̀ ọmọ, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bí ó ṣe ń mí, bí ara rẹ̀ ṣe le sí, àti bí ó ṣe ń ṣe bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 2, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Wọ́n ń ṣe é ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìbí, wọ́n sì ń tún un ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ á kọ ọ́ sínú káàdì ọmọ. Ìyá ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un kó tó kúrò níbẹ̀, nítorí pé ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá kéré gan-an ní ìṣẹ́jú karùn-ún jẹ́ ọmọ tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́, kí dókítà lè tètè rí i bí ọrùn rẹ̀ bá ń pẹ́ kó tó dúró.

Ewu kejì kì í pariwo. Ọmọ ti ké, ó ti mu ọmú, ọkàn gbogbo ará ilé ti balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹyinjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ ìyeyè. Ibà pọ́njú ni Yorùbá ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà kọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú oyún ló ń túká, ohun tó sì ń jáde láti inú ìtúká náà ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára tó láti gbá gbogbo rẹ̀ dànù. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kò sì ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, á wọ inú ọpọlọ lọ, á sì ba ibi tó ń darí ìrìn àti ibi tó ń darí ìgbọ́ràn jẹ́. Ọmọ tó bá yè bọ́ nínú rẹ̀ lè má lè rìn, ó sì lè ya adití.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa èròjà inú ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní G6PD, tí kì í tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin. Ọmọ tí èròjà yìí kò bá tó lára rẹ̀ lè máa dàgbà láìsí wàhálà, títí ohun kan á fi dé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa túká wìtìwìtì. Ọ̀kan nínú àwọn ohun náà ni kánfọ̀, àwọn horo funfun olóòórùn líle tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà tó ti ń retí ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣí àpótí, ó kó aṣọ òfì àti aṣọ ọmọdé tó ti fi kánfọ̀ tọ́jú láti ọdún yìí wá jáde, ó sì fi ìfẹ́ wé ọmọ náà nínú wọn. Kò sí ẹni tó lè pe èyí ní ìwà ìkà. Síbẹ̀, aṣọ náà lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ bí kò bá sí ẹni tó tètè fura. Fífọ aṣọ wọ̀nyí dáadáa kí wọ́n sì sá wọn sí oòrùn kò gbani lọ́wọ́ púpọ̀. Èyí tó dára jù ni kí kánfọ̀ má dé ibi aṣọ ọmọ rárá.

Àwọn ìdí mìíràn wà: ẹ̀jẹ̀ ìyá tí kò bá ti ọmọ mu, bíi kí ìyá jẹ́ O kí ọmọ jẹ́ A tàbí B, tàbí kí ìyá jẹ́ Rhesus negative, àti àrùn tó bá wọ ara ọmọ láti ojú ìwọ́. Ohun tó burú jù ni ìdádúró nílé. Wọ́n á fún un ní omi ewé ìbẹ́pẹ, wọ́n á fún un ní omi glúkóòsì, wọ́n á ra oògùn sí i lẹ́nu láti ọ̀dọ̀ onísọ́ọ̀bù, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú oòrùn àárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta á ti kọjá kí wọ́n tó gbéra.

Ọ̀rọ̀ oòrùn yìí ní ìtàn, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn bí ẹni pé àwọn ìyá wa kò mọ nǹkan kan. Ní 1956, ní ọsibítù Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jean Ward máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde sínú oòrùn. Ó ṣàkíyèsí pé ibi tí oòrùn bá dé lára wọn ti ń mọ́, nígbà tí ibi tí aṣọ bò ṣì ní àwọ̀ ìyeyè. Láti ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń tú èròjà náà, wọ́n sì ṣe iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n iná náà ń fẹ́ iná mànàmáná, gbogbo wa sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Nítorí náà ni Dókítà Bolajoko Olusanya, oníṣègùn ọmọdé, àti Tina Slusher láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi pa àgọ́ kan ní ọsibítù Island Maternity ní Èkó. Ike tí wọ́n fi bo àgọ́ náà ń sẹ́ oòrùn: ó ń dá ìgbóná àti ìtànṣán tó ń jó ara dúró, ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó wúlò kọjá. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, ó sì hàn pé ó ṣiṣẹ́ bí iná ọsibítù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ àárín èyí àti ká tẹ́ ọmọ síta nílé ni pé nínú àgọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tó ń wọn bí ara ọmọ ṣe gbóná sí, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bó bá sì ti kọjá agbára ìmọ́lẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ lójú ẹsẹ̀. Oòrùn àárọ̀ nílé kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Ìfarapa apá kì í pẹ́ fara hàn. Bí ọmọ bá tóbi, orí lè jáde kí èjìká há sẹ́yìn egungun ìyá. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó yẹ kó ṣe á di ọmọ lórí mú, á máa fà á. Àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọrùn lọ sí apá á nà, tàbí kí wọ́n já. Apá náà á wá so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ láìlè gbé ara rẹ̀ sókè. Erb's palsy ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà ará Jámánì kan tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1874.

Ẹni tó lókìkí jù lọ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ni Wilhelm Kejì, tó jọba Jámánì títí dé òpin Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìdí ló fi ṣáájú nígbà tí wọ́n bí i ní Berlin ní 27 January 1859, apá òsì rẹ̀ sì fara pa. Ọmọ ọmọ Ọbabìnrin Victoria ni, kò sí dókítà tí owó wọn kò ká. Lára ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún un ni pé wọ́n ń fi ẹran ehoro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wé apá náà. Bó bá jẹ́ pé ní Èkìtì ni wọ́n ti ṣe é, àwọn òyìnbó ì bá pè é ní ìwà àwọn tí kò lajú. Apá náà kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì títí tó fi kú, nínú àwòrán rẹ̀ gbogbo ló sì ti ń fọgbọ́n fi pamọ́, yálà kó fi ọwọ́ náà lé idà tàbí kó fi di ìbọ̀wọ́ mú. Ìtìjú kì í ṣe ti ẹ̀yà kan.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú irú apá bẹ́ẹ̀ máa ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù mélòó kan, bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ìdárayá bá kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa nà án lójoojúmọ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tí kò bá lè ká ìgúnpá rẹ̀ nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà, nítorí iṣẹ́ abẹ fún un ní àsìkò. Fífi agbára fà á, tàbí fífi igi dì í bí ẹni pé egungun ló dá, kò wúlò.

Ẹjọ́ kan ní ilẹ̀ Bìrìtìkó fi hàn bí ewu yìí ṣe rí. Nadine Montgomery, obìnrin tí kò ga, tó sì ní àtọ̀gbẹ, bí ọmọkùnrin ní Scotland ní 1 October 1999. Èjìká ọmọ há fún ìṣẹ́jú 12. Ọmọ náà ní cerebral palsy, apá rẹ̀ kan sì fara pa. Ewu kí èjìká há fún ìyá tó ní àtọ̀gbẹ tó 9 sí 10 nínú 100, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ sì mọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún un, ó ní bí òun bá ń sọ ọ́, gbogbo wọn á máa béèrè fún iṣẹ́ abẹ. Ìyá obìnrin yìí dókítà ni, ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin náà dókítà ni, síbẹ̀ wọn kò fún un láǹfààní láti yàn. Lẹ́ẹ̀mejì ló pàdánù ní kóòtù Scotland kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó dá a láre ní 11 March 2015, owó gbà-má-bínú tó jẹ́ pọ́n-ùn mílíọ̀nù 5.25 sì bá a dé. Láti ìgbà náà ni ó ti di òfin níbẹ̀ pé dókítà gbọ́dọ̀ sọ ewu tó bá wà fún aláboyún, kí òun fúnra rẹ̀ sì pinnu.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ wà, ó sì yẹ kí tẹlifíṣọ̀n sọ ọ́ pẹ̀lú, kí wọ́n má baà ti orí ìyá ọkọ gbé ẹ̀bi náà lọ lé agbẹ̀bí lórí láìsí ẹ̀rí. Ní 1861, William John Little, dókítà ní London, ló kọ́kọ́ so àìlera àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ ìbí tó nira. Ní 1897, Sigmund Freud, tí gbogbo ayé wá mọ̀ fún ọ̀rọ̀ inú ọkàn, jiyàn pé nígbà mìíràn, nǹkan ti ṣe ọmọ nínú oyún ṣáájú, pé òun gan-an ló mú kí ìbí nira. Àwọn méjèèjì ló ní òtítọ́ tiwọn. Ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, díẹ̀ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ cerebral palsy ló ti ọ̀dọ̀ àìrí èémí lásìkò ìbí wá. Ní Nàìjíríà, àìrí èémí, ibà pọ́njú àti àrùn tó ń wọ ọpọlọ ni àwọn dókítà ń bá pàdé jù lọ nínú ìwé ìtọ́jú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣeé dènà, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ tiwa dunni ju tiwọn lọ.

Ní apá gúúsù Èkìtì, ibi tí aláboyún bá wà nígbà tí ìrọbí mú un ń ṣe púpọ̀ nínú ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ wà lójú títì láàárín Adó àti Àkúrẹ́, ẹni tó bá wà nínú ìlú náà lè rí ọkọ̀. Ti ẹni tó wà lóko lẹ́yìn Ìsẹ̀ tàbí Èmùré yàtọ̀. Bí ìrọbí bá mú un lóru, ọ̀kadà ló máa gùn, bí ọlọ́kadà bá gbà láti jáde. Ìdí nìyí tí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ àti ti àwọn ìyá àgbà tó wà nítòsí fi ń kún. Wọ́n mọ aláboyún ní orúkọ, wọ́n ń gbàdúrà fún un, wọn kì í jágbe mọ́ ọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba tó ń bínú sí èyí ní ohun tí wọ́n lè kọ́ níbẹ̀. Ohun tó ń kù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí kò ní àpò rọ́bà tí wọ́n fi ń fẹ́ èémí sí ọmọ, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára àwọn.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé ti Èkìtì gbìyànjú lórí èyí. Ní 2009, nígbà tí Dókítà Olusegun Mimiko jẹ́ gómìnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ̀, tó bá Èkìtì pààlà. Wọ́n fún aláboyún ní fóònù alágbèéká, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ bá wọn nílé. Ìdádúró mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn ń bá jà: kí aláboyún tó pinnu láti wá ìtọ́jú, kí ó tó débẹ̀, kí wọ́n tó dá a lóhùn, àti kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tó ju ibẹ̀ lọ. Ní 2010, wọ́n ṣí ọsibítù ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́. Ikú aláboyún ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù nígbà náà, ṣùgbọ́n ìdádúró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí náà ló ń ṣe ọmọ lọ́ṣẹ́, òun náà ló sì ń fa àrùn ìtọ̀ dídà tó ń lé àwọn ìyá kúrò láàárín ẹgbẹ́ wọn.

Bí ẹbí kan ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìsẹ̀ bá fẹ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Adó lónìí, ohun tí wọ́n ní tí àwọn ará Èkó kò ní ni ẹ̀ka èdè wọn. Ìyá tó bá fi ohùn Èkìtì sọ pé ọmọ òun kò ké, pé aago mẹ́ta òru ni, pé ìṣẹ́jú báyìí ni wọ́n fi ń da omi sí i lára, àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ máa gbọ́ ọ ju bí dókítà mẹ́wàá ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tú aṣọ rẹ̀ kí aráyé lè káàánú. Bó bá ti dàgbà tó láti lóye, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó ń wò ó rí ohun tó lè ṣe pẹ̀lú ohun tí kò lè ṣe. Láti January 2019 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní àìlera léèwọ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó bá lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà nítorí ara rẹ̀ sì ti rú òfin náà.

Tobiloba Ajayi wà lára àwọn tó ti ń sọ èyí fún àwọn òbí. Òun fúnra rẹ̀ ní cerebral palsy. Ó kàwé di agbẹjọ́rò, ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn tó ní àìlera, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń wá àyè ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó ní irú àìlera tirẹ̀.

Fún ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àyẹ̀wò ibà pọ́njú kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ó gbé ọmọ lọ sí ẹnu ọ̀nà tàbí ojú fèrèsé ní ojúmọmọ, nítorí iná àtùpà àti gílóòbù ń tan ojú jẹ. Kí ó fi ìka tẹ iwájú orí ọmọ díẹ̀, kí ó wo àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí ó bá gbé ìka kúrò. Kí ó wo ẹyinjú, eérìgì, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Bí àwọ̀ ìyeyè bá yọ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an, tàbí tó bá dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú mọ́, tó ń sùn jù, tí igbe rẹ̀ ń dún ṣóró, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní iná aláwọ̀ búlúù, bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ ti ṣú.